Ààfin àti Ilé-Ẹ̀kọ́: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Girama láàárín Àwọn Ọmọ Ifẹ̀ ní Anié àti Àtàkpámé

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń pìtàn ìlú, orí oyè ni wọ́n sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Wọn a sọ ẹni tí ó tẹ ìlú dó, ẹni tí ó kọ́kọ́ jọba, ìdílé tí oyè kàn àti èyí tí kò kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í sí nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àfi bóyá ní ìparí, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn ohun tí ìjọba ṣe fún ìlú: ọ̀nà, omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní Anié àti ní agbègbè Àtàkpámé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba tó ohun tí à ń kà mọ́ ìtàn oyè. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ èdè tí yóò fi bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ náà ni ó sì ti lè gbàgbé èdè tí yóò fi kí ọba rẹ̀.

Àwọn ọmọ Ifẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn

Àwọn ènìyàn tí ìwé àwọn Faransé ń pè ní Ana ni wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Ifẹ̀. Wọ́n wà ní Àtàkpámé àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, wọ́n sì wà ní òdìkejì ààlà ní ilẹ̀ Benin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun, èdè wọn sì ń jẹ́rìí sí i, nítorí mọ̀lẹ́bí èdè Yorùbá ni. Ọdún iṣu tí wọ́n ń ṣe ní Àtàkpámé ni à ń pè ní Odon-Itsu. Ọmọ Yorùbá tí kò dé Tógò rí kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọdún iṣu ni.

Anié wà ní àríwá Àtàkpámé, lórí ọ̀nà ńlá tí ó ti Lomé lọ sí Sokodé àti Kara. Orúkọ odò tí ó ń ṣàn lọ bá odò Mono ni ìlú náà ń jẹ́. Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso, wọ́n gbé ojú irin láti Lomé dé agbègbè Àtàkpámé ní ọdún 1911. Àwọn Faransé tí wọ́n gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní tún gbé e síwájú, ó gba Anié kọjá, ó sì dé Blitta láàárín ọdún 1930 sí 1940. Òwú àti kòkó nìkan kọ́ ni ojú irin àti ọ̀nà náà gbé. Ìjọba Faransé kó ọ̀pọ̀ Kabiyè àti Losso sọ̀kalẹ̀ láti òkè àríwá, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n dó sí ẹ̀bá ọ̀nà láàárín Àtàkpámé àti Sokodé, kí wọ́n lè máa dáko níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí a fi ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Ṣáínà kọ́ sí Anié tún fa àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wá sí oko ìrèké.

Nítorí náà, Anié kì í ṣe ìlú ìran kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ ọjà, ènìyàn a gbọ́ Ifẹ̀, Kabiyè, Ewe, Kotokoli àti èdè àwọn Losso ní ìsọ̀ márùn-ún tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ gbogbo àwọn tí wọ́n ń ná ọjà yìí ni wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí nígbà tí ó bá ń béèrè pé ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó bá àjèjì wọlé

Ìwé kíkà kò bá wọ́ọ́rọ́wọ́ wọ agbègbè yìí. Ní ọdún 1886 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA wá tẹ̀dó sí Àtàkpámé. Nígbà tí ó fi di ọdún 1887, ọ̀kan nínú wọn, Jeremiah Moran, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ti kú síbẹ̀, wọ́n sì fi ìlú náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àlùfáà Jámánì tó wá, tí ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ sì fìdí múlẹ̀.

Ní apá gúúsù Tógò, àwọn ajíhìnrere ìjọ Bremen ti sọ èdè Ewe di èdè ìwé. Wọ́n kọ gírámà rẹ̀, wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí i, wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọdé. Èdè Ifẹ̀ kò rí irú alágbàwí bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà. Kò sí Crowther fún Ifẹ̀ ti Àtàkpámé ní àkókò tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé Yorùbá sínú ìwé ní Abẹ́òkúta àti Èkó. Bí ọmọ Ifẹ̀ bá fẹ́ mọ̀wé, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ gba èdè ẹlòmíràn kọjá.

Nígbà tí Faransé gba àkóso, èdè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ́ni, Faransé náà ni. Àwọn àgbà tí wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà ṣì ń rántí ohun tí wọ́n ń pè ní signal. Ó jẹ́ ohun kan tí wọ́n ń fi há ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè ilé lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ọmọ náà a máa gbé e kiri títí yóò fi ká ọmọ mìíràn mọ́ ibi tí ó ti ń sọ èdè ilé, a sì gbé e fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò jìyà. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọmọdé di ọlọ́pàá ẹnu ara wọn. Ìyá tí kò mọ Faransé kò lè bá ọmọ rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Títí ọjọ́ òmìnira, tí í ṣe ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, ilé-ẹ̀kọ́ girama kò pọ̀ ní gbogbo Tógò. Lomé ni ojú àwọn tí wọ́n bá fẹ́ ka ìwé jìnnà máa ń wò, níbi tí Lycée Bonnecarrère ti ìjọba àti Collège Saint-Joseph ti Kátólíìkì wà. Lẹ́yìn òmìnira ni ẹ̀kọ́ girama tàn dé Àtàkpámé àti àwọn ìlú kéékèèké, tí Àtàkpámé sì di ibi tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní École Normale Supérieure. Àtẹ̀gùn tí ọmọ ń gùn kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà: ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ní collège tí ó parí sí ìdánwò BEPC, mẹ́ta ní lycée, pẹ̀lú ìdánwò ìpele kìíní ní Première àti Bac fúnra rẹ̀ ní Terminale. Ẹni tí ó bá gba Bac lè lọ sí yunifásítì Lomé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, tàbí ti Kara tí ó tẹ̀ lé e.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí Ọba dá sílẹ̀

Ó tọ́ kí àwọn ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orírun. Ní ọdún 1930, Adesoji Aderemi gun orí ìtẹ́ Ọọ̀ni. Ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, ó ti ṣiṣẹ́ réluwéè, ó sì ti ṣòwò kí adé tó kàn án. Ó mọ ohun tí ìwé ṣe fún un, ó sì mọ̀ pé ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí ó bá fẹ́ ẹ̀kọ́ girama ní láti fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ní ọdún 1932, ó dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí ènìyàn fọkàn sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni orúkọ. Ọọ̀ni kò fi orúkọ ara rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sì fi orúkọ ẹni mímọ́ tàbí gómìnà pè é. Orúkọ baba ńlá ìran ni ó fún un. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó ti ń pe Odùduwà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ka ìwé. Èkejì ni pé ààfin ni ó kọ́kọ́ gbé ẹrù náà. Ọba kò dúró de ìgbà tí ìjọba amúnisìn yóò rántí ìlú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, láàárín ọdún 1970 sí 1980, ìjọba gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama káàkiri ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́ àti ìlànà ẹ̀kọ́ sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ náà kò yí padà.

Ní agbègbè Àtàkpámé, ọ̀nà òdìkejì ni ìtàn gbà. Ìjọba ni ó kọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìlú ni ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi ní ìpín nínú rẹ̀. Àwọn ọba àti àwọn olóyè Ifẹ̀ kò ní agbára owó tí Ọọ̀ni ní. Lábẹ́ Faransé, aṣojú ìjọba ni wọ́n sọ olóyè dà, ẹni tí ń gba owó orí, tí ó sì ń kó ènìyàn jáde fún iṣẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí a sọ di agbowó-orí kò lè tètè di olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Ọdún 1970 àti ọdún 1975

Ọdún márùn-ún péré ni ó wà láàárín ìpinnu méjì tí ó fi bí ìran kan náà ṣe pín sí ọ̀nà méjì hàn.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà àtijọ́, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ipò Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní ọdún 1975, ìjọba Tógò ṣe àtúntò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun pàtàkì inú rẹ̀ ni pé kí èdè ilẹ̀ Áfíríkà wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìpinnu rere ni, nítorí ó fagi lé ẹ̀tàn àtijọ́ pé èdè tí kì í ṣe ti òyìnbó kò lè gbé ìmọ̀. Ṣùgbọ́n èdè méjì ni wọ́n yàn, Ewe fún gúúsù àti Kabiyè fún àríwá. Ifẹ̀ wà láàárín méjèèjì, kò sì sí nínú wọn. Ọmọ Anié tí ó ti ń kọ́ Faransé wá ní èdè kejì láti kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, èyí náà kì í sì í ṣe èdè ìyá rẹ̀.

Kò tọ̀nà láti sọ pé ẹ̀tanú nìkan ni ó fa èyí. Orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ tó ogójì kò lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ kan. Ewe ti ní ìwé láti ìgbà àwọn ajíhìnrere, Kabiyè sì ni èdè Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma tí ó ń ṣàkóso nígbà náà. Ìwé àti agbára ni ó yan àwọn èdè náà. Èdè Ifẹ̀ kò tíì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn ọmọ Ifẹ̀ fúnra wọn wá ṣètò bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, tí ìwé atúmọ̀ èdè Ifẹ̀ sí Faransé jáde, tí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbàlagbà sì bẹ̀rẹ̀ ní Àtàkpámé àti àwọn abúlé. Ohun tí ó sọnù ní ọdún 1975 ti wà nílẹ̀ báyìí.

Ohun tí ìlú ń gbé fún ilé-ẹ̀kọ́

Lábẹ́ òfin, ìjọba ni ó ni lycée. Ìjọba ni ó ń rán ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wá, òun ni ó ń ṣètò ìdánwò. Olùkọ́ lè ti Lomé tàbí Kara wá láìgbọ́ ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun ni ìlú ń fi èjìká gbé.

Àkọ́kọ́ ni ilé gbígbé. Ọmọ tí ó ti oko wá kò lè máa rin ọ̀nà jíjìn lọ bọ̀ lójoojúmọ́. Bàbá rẹ̀ a wá ìbátan ní ìlú, tàbí kí ó gba yàrá kan fún òun àti ọmọ mìíràn láti abúlé kan náà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ wọn a padà lọ gbé àgbàdo, gààrí àti iṣu. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Kabiyè ti ń jọ se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń kọ́ èdè ara wọn láìsí ìwé.

Ìkejì ni ẹgbẹ́ àwọn òbí. Nígbà tí owó ìjọba gbẹ láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ abúlé ní Tógò ni wọ́n fi igi àti koríko kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, tí wọ́n sì ń dáwó fún olùkọ́ tí ìjọba kò gbà síṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992 ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀, tí ó sì gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tí ẹ̀kọ́ sì dojú rú káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn òbí ni wọ́n ní láti wá ọ̀nà tí ọmọ wọn yóò fi padà sídìí ìwé. Ìjọba mú owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní ọdún 2008. Ó di ọdún 2021 kí ó tó mú ti ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kúrò. Ẹni tí ó bá ti tà nínú iṣu rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìtumọ̀ ọdún mẹ́tàlá tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ìkẹta ni ojú tí ìlú fi ń wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní àárọ̀, ẹgbẹ́ aláṣọ kàkí a kún ojú ọ̀nà. Wọn a tò sí abẹ́ àsíá, wọn a sì kọ orin orílẹ̀-èdè tí àkọlé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ àwọn baba ńlá. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀, orin gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ tí ń kọrin ilẹ̀ baba ńlá mọ orúkọ baba ńlá tirẹ̀, kí ó sì lè fi èdè tí baba ńlá náà sọ pè é.

Ìpín tí ó kù fún àwọn ọmọ Ifẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ìjọba fi Ifẹ̀ kún èdè ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀bẹ̀ náà tọ́, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lycée Anié kì í ṣe ti Ifẹ̀ nìkan. Ọmọ Kabiyè tí bàbá bàbá rẹ̀ bá ojú irin wá ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀ bí ọmọ onílẹ̀. Bí Ifẹ̀ bá fi ipá di dandan fún un, kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ Ifẹ̀ ní ọdún 1975. Ilé àlejò kò gbọdọ̀ di àhámọ́ àlejò.

Ohun tí ìtàn Oduduwa College kọ́ni yàtọ̀ sí èyí. Ọọ̀ni Aderemi kò lé Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó fi orúkọ ìran sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ ayé wọlé. Àwọn olóyè àti ẹgbẹ́ ọmọ Ifẹ̀ lónìí lè ṣe ohun tí ó jọ ọ́ láìgba àṣẹ Lomé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Terminale ti mọ bí a ti ń kọ àròkọ. Kò sí ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ láti lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n kọ ìtàn ìtẹ̀dó agboolé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Ifẹ̀ àti ní Faransé. Ẹgbẹ́ lè fi ìwé atúmọ̀ èdè Ifẹ̀ àti àwọn ìwé kíkà tí ó ti wà sí ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, kí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ọjọ́ Sátidé sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ìran yòówù tí ó bá fẹ́. Ní ọjọ́ Odon-Itsu, níbi tí ọba ti ń jókòó gba ìkíni, ààyè lè wà fún ọmọ tí ó gba Bac ní ọdún náà láti ka ohun tí ó kọ sétígbọ̀ọ́ ìlú.

Ìyẹn yóò gba owó díẹ̀, yóò sì gba sùúrù púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìtàn agboolé kò ní pẹ́ wà títí láé, àwọn ọmọ tí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ sì ń jáde ní Terminale lọ́dọọdún, tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Lomé. Bí àgbà àti ọmọ kò bá pàdé nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní Anié, ìwé Bac yóò wà nínú àpótí, ìtàn ni yóò sọnù. Ẹrù àwọn tí wọ́n ń jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ ni láti mú kí wọ́n pàdé.